Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌYÍPADÀ: KÍ NI Ó WÀ LÁÀÁRÍN "PA" ÀTI "DÀ"?

Bíbélì kíkà: 1 Ọba 14:1–6, Dáníẹ́lì 1, Jónà 3, Lúùkù 15:11–24, Lúùkù 19:1–10.

 

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ọjọ́ ìsinmi kan kì í kọjá kí a má gbọ́ ọ níbi ìjẹ́rìí pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa, mo ti yípadà." A ó kọ hallelúyà, a ó lu agogo, ẹni náà yóò jókòó. Nígbà tí ó bá délé, ìyàwó rẹ̀ á máa wò ó, àwọn ọmọ á máa wò ó, wọn á ní, "Èwo ló yípadà níbẹ̀?" Kì í ṣe pé ẹni náà purọ́ o. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fún ohun náà kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Èdè tí Ọlọ́run fún àwa Yorùbá kì í ṣe èdè tó tòṣì. Ó ní ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi àyípadà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, àwọn ọmọ wa tó lọ sí ilé ìwé Faransé a máa sọ pé "ó ti ṣánjé", àwọn ará wa ní Nàìjíríà a sì máa sọ pé "ó ti ṣẹ́ńjì". Aṣọ ṣẹ́ńjì, owó ṣẹ́ńjì, ilé ṣẹ́ńjì, ọkàn ṣẹ́ńjì. Bí ẹni tó ní igbá kan ṣoṣo nílé ni, tó fi ń bu omi, tó fi ń bu epo, tó tún fi ń bu iyọ̀. Kò ní pẹ́ tí omi yóò fi máa ta epo.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ni mo fẹ́ ṣe. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, mo sì máa sọ ọ́ kí ẹ̀kọ́ náà tó parí.

1. PÀÀRỌ̀

Pààrọ̀ ni kí a mú nǹkan kan kúrò, kí a fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Bí ìyá kan bá ra ìkòkò lọ́jà Àjàṣẹ́, tí ó délé tí ó rí i pé ó ti sán, yóò gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún un, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀." Wọn á fún un ní òmíràn. Ṣé ìkòkò tó sán ti wá di rere? Rárá. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú sísán rẹ̀. Bí èmi bá fún ọ ní àgbàdo, tí ìwọ fún mi ní gàrí, a ti ṣe pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo kò di gàrí.

Àmì tí a fi ń mọ pààrọ̀ ni pé nǹkan méjì gbọ́dọ̀ wà, èyí tó lọ àti èyí tó rọ́pò rẹ̀. A lè pààrọ̀ aṣọ, a lè pààrọ̀ iṣẹ́, a lè pààrọ̀ ilé, a lè pààrọ̀ ìjọ pàápàá. Ẹni tó bọ́ aṣọ ọjà tó wọ sùtáná ti pààrọ̀ aṣọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú aṣọ àkọ́kọ́, òun náà ló wà nínú èkejì.

Bí a bá dé ẹnu ibodè Ìgólò, tí a fẹ́ kọjá sí Nàìjíríà, a kì í sọ pé a fẹ́ yí owó wa padà. A ń sọ pé a fẹ́ ṣẹ́ owó. Owó ńlá di wẹ́wẹ́, tàbí owó ilẹ̀ kan di ti ilẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò gbọdọ̀ dín. Bí ó bá dín, wọ́n ti rẹ́ wa jẹ nìyẹn. Ẹ wo bí èdè wa ti pé tó! Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkòkò, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ owó.

2. "PA" ÀTI "DÀ"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a fi etí sílẹ̀ gidigidi. Ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì kan wà, "pa" àti "dà". Bí wọ́n bá jọ ṣiṣẹ́, ìtumọ̀ wọn ni pé kí nǹkan kúrò ní bí ó ti wà, kí ó sì di bí kò ti sí rí. Àwọn méjèèjì kì í sábà fara kan ara wọn. Nǹkan a máa wà láàárín wọn, nǹkan náà gan-an ni a sì ń pa dà. Ẹ gbọ́:

Pa àwọ̀ dà ni pawọ̀dà. Iṣẹ́ alágẹmọ ni.

Pa ohùn dà ni pohùndà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni láàárọ̀, tó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ lálẹ́, ó ti pohùndà.

Pa èrò dà: ẹni tó fẹ́ lọ sóko, tó wá dúró nílé, ó ti pa èrò rẹ̀ dà.

Pa owó iṣẹ́ dà: ohun tí Lábánì ṣe sí Jákọ́bù ọkọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn, títí ó fi di ìgbà mẹ́wàá.

Pa ara dà ni paradà.

Pa ìwà dà ni pìwàdà, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ronúpìwàdà.

Pa ipò dà ni papòdà. Nígbà tí àgbà bá kú ni a ń sọ ọ́.

Ṣé ẹ rí i? "Pa" kò yí padà, "dà" kò yí padà. Ohun tó wà láàárín wọn ló mú ìyàtọ̀ wá. Nítorí náà, nígbà tí ará kan bá dìde pé òun ti di ẹlòmíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ó bi ara rẹ̀: kí ni ó wà láàárín "pa" àti "dà" tèmi? Ṣé àwọ̀ ni? Ṣé ohùn ni? Ṣé ara ni? Àbí ìwà?

3. PARADÀ

Nínú ìwé Ọba Kìíní, orí 14, ọmọ Jeroboamu ọba ṣàìsàn. Ọba rán ìyàwó rẹ̀ sí wòlíì Àhíjà ní Ṣílò. Ó ní kí ó pa ara rẹ̀ dà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ìyàwó ọba ni. Obìnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ìṣù búrẹ́dì mẹ́wàá àti ìgò oyin, ó lọ gẹ́gẹ́ bí obìnrin lásán. Wòlíì Àhíjà ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ̀yin ará: obìnrin náà pa ara dà nítorí afọ́jú! Kí ó tó dé, Olúwa ti sọ fún wòlíì. Bí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni wòlíì pè é ní aya Jeroboamu, ó sì bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe bí ẹlòmíràn.

Paradà nìyẹn. Ara ló dà, ìyàwó Jeroboamu ṣì ni. Pọ́ọ̀lù mímọ́ náà kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé Èṣù pàápàá mọ bí a ti ń pa ara dà, tí yóò sì farahàn bí áńgẹ́lì tó ń tàn yòò. Àwa tí a ń wọ aṣọ funfun ló yẹ kí a gbọ́ èyí jù. Ohun tí ó rọrùn jù fún ọ̀tá láti wọ̀ ni aṣọ wa.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣi ọ̀nà sọ. Paradà nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bíbélì Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, lo paradà fún ọmọ Ọlọ́run náà, nínú Róòmù orí 12, ẹsẹ 2. Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ lórí ara. Ó so ó mọ́ èrò inú tó di ọ̀tun. Bí inú bá kọ́kọ́ di tuntun, kí ara tẹ̀lé e, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bí ara bá dá lọ tí inú dúró sílé, iṣẹ́ ìyàwó Jeroboamu ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó sẹ́fà tí a ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kù. Títí di ìgbà náà, 50 sẹ́fà ni a fi ń gba fàràǹ Faransé kan. Láti ọjọ́ 12 oṣù náà, ó di 100 sẹ́fà. Owó tí ènìyàn kà sábẹ́ ìrọ̀rí lálẹ́, òun náà ló bá níbẹ̀ láàárọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò dà, àwòrán orí rẹ̀ kò dà, ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ ti dín sí ìdajì lọ́dọ̀ owó Faransé. Ní 2022, Nàìjíríà náà yọ owó tuntun: 200, 500 àti 1000 náírà gba àwọ̀ mìíràn. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́. Àwọ̀ ló dà, ṣùgbọ́n 1000 tuntun kò ju 1000 àtijọ́ lọ níwájú ìyá tó ń ta iṣu.

Ọ̀kan yí padà nínú, a kò rí i lójú. Èkejì yí padà lójú, kò kan inú. Ènìyàn Ọlọ́run, èwo nínú méjèèjì ni ìjẹ́rìí rẹ?

Orúkọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ wa láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀nà tó ti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrú. Ẹni tó gba orúkọ tuntun nígbà ìrìbọmi, tàbí tó gba oyè tuntun nínú ìjọ, kí ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀nà náà ṣì wà níwájú òun láti rìn.

4. ÀTÚNṢE

Àtúnṣe ni tún ṣe. Ohun tó dára tẹ́lẹ̀, tó wá kù díẹ̀ káàtó, òun ni a ń tún ṣe. Bí ọmọ bá ga ju sùtáná rẹ̀ lọ, a kì í sọ aṣọ náà nù. Télọ̀ yóò tú ìṣẹ́tí rẹ̀, yóò fà á wálẹ̀, yóò tún un rán. Aṣọ kan náà ni, ó kàn gba àtúnṣe ni. Bí òrùlé bá ń jò, a ó tún un ṣe. Bí akọrin bá ṣi orin kọ, ọ̀gá akọrin yóò tún un ṣe fún un.

Àtúnṣe dára púpọ̀. Ìjọ tí kì í gba àtúnṣe yóò wó. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ní ààlà tirẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ òpó ilé tán nínú, tí ìwọ wá fi ẹfun kùn ún lára, tí o sọ pé o ti ṣe àtúnṣe, ọjọ́ tí ìjì bá jà ni ìwọ yóò mọ̀. Nígbà tí Nikodémù lọ bá Jésù lóru, Olúwa kò sọ fún un pé kí ó lọ ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ńlá ni. Ọ̀rọ̀ àtúnbí ni ó bá a sọ. "Tún" wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n "ṣe" kọ́ ni "bí". Èyí tí a ṣe, ọwọ́ wa ló ṣe é. Èyí tí a bí, ẹlòmíràn ló bí i.

5. MÍMÚ ARA BÁ IBI MU

Èyí náà a máa rú wa lójú. Bí ọmọ Kétu bá lọ gbé ní Kútọ̀nú, yóò gbọ́ Faransé, yóò gbọ́ Fọ̀n, yóò kọ́ bí wọ́n ti ń jí àti bí wọ́n ti ń sùn níbẹ̀. A kì í sọ pé ó ti yípadà. A ń sọ pé ó ti mú ara rẹ̀ bá ìlú náà mu, ilẹ̀ náà ti mọ́ ọn lára. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo Dáníẹ́lì. Wọ́n kó o lọ sí Bábílónì. Wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, ó jẹ́ ẹ. Wọ́n kọ́ ọ ní èdè àti ìwé wọn, ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn onílé lọ. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ọba wá, ó ní òun kò jẹ. Orúkọ, èdè, ìwé: ó bá wọn mu níbẹ̀. Ohun tí yóò sọ ọ́ di aláìmọ́ níwájú Ọlọ́run rẹ̀: ó dúró. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ìlú ńlá, ẹ má sunkún nítorí pé ọmọ ń sọ èdè mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó ń jẹ lórí tábìlì ọba.

6. YÍPADÀ

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni yípadà. Ó ní kí a yí, kí a sì padà. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé awakọ̀ kan gbéra ní Kétu, Àjàṣẹ́ ló ń lọ. Ó yẹ kí ó gba ọ̀nà Pọ̀bẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣìnà, ó kọjú sí ọ̀nà Ṣàbẹ. Nígbà tí ó yá, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kí ni ó lè ṣe?

Ó lè fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ síbẹ̀ náà: ó ti pààrọ̀. Ó lè kun ọkọ̀ náà ní funfun: ọkọ̀ ti paradà. Ó lè sọ̀kalẹ̀ tún táyà ṣe: àtúnṣe nìyẹn. Ó lè to ẹrù kí àwọn èrò jókòó dáadáa: ó ti mú un bára mu. Ó tilẹ̀ lè rọra máa lọ. Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, níbo ni ó ń lọ? Ṣàbẹ ló ń lọ! Ṣàbẹ kò burú, ìlú àwọn ará wa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni a rán an. Títí tí yóò fi dúró, tí yóò yí ọkọ̀ náà, tí yóò padà sí oríta tí ó ti ṣìnà, kò tíì yípadà.

Nítorí náà yípadà ní ibi tí a ti kúrò àti ibi tí a kọjú sí. Ẹni tó bá sọ pé òun yípadà, tí kò lè sọ ohun tí òun kẹ̀yìn sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé. Ó sì ṣeé ṣe kí ènìyàn yípadà kúrò nínú rere sí búburú. Kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni a ń lu agogo fún.

Ẹ ka Jónà orí 3. Nígbà tí àwọn ará Nínéfè gbọ́ ìwàásù, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ọba pàápàá bọ́ aṣọ ìgúnwà rẹ̀, ó jókòó nínú eérú. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà fẹ́ sọ ohun tí Ọlọ́run wò, kò dárúkọ aṣọ, kò dárúkọ eérú. Ìṣe wọn ni Ọlọ́run wò, pé wọ́n kúrò ní ọ̀nà búburú tí wọ́n ń tọ̀.

7. RONÚPÌWÀDÀ

Ìsinsìnyí a lè tú ọ̀rọ̀ yìí. Ro inú, pa ìwà dà. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, àkọ́kọ́ kò sì gbọdọ̀ sọnù. Kí o tó pa ìwà dà, ro inú rẹ. Kì í ṣe inú ẹlòmíràn. Inú ìwọ. Ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù orí 15 ro inú rẹ̀ láàárín ẹlẹ́dẹ̀, lẹ́yìn náà ló dìde. Bí ó bá ro inú kí ó sì jókòó, ẹkún lásán ni. Bí ó bá dìde láìro inú, oko ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn ni yóò lọ.

Sákéù náà dìde dúró níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sọ pé òun yóò máa ṣe dáadáa láti ọ̀la lọ. Ó dárúkọ ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún tálákà, ó sì ní ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, òun yóò dá a padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Dá padà: ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwà tó dà a máa dá nǹkan padà.

8. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Nígbà tí bàbá wa papòdà, ó fi oko sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi lẹ́yìn Kétu. Pèrègún ni ààlà wa. Ní ọdún kan tí àbúrò mi wà ní ìrìn àjò, mo hú pèrègún mẹ́ta lóru, mo yẹ̀ ẹ́ wọ inú ilẹ̀ tirẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. Mo gbin àgbàdo sí i. Nígbà tí ó dé, ó wò ó, ó sọ̀rọ̀. Mo bínú sí i níwájú àwọn ẹbí, mo ní ó fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́. Láti ọjọ́ náà kò wá sílé mi mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí mi lọ́nà, wọn kò kúnlẹ̀, wọn kò dọ̀bálẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo wọ aṣọ funfun mi. Mo tan àbẹ́là méje. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méje pé kí Ọlọ́run yí àbúrò mi padà. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa nígbà náà. Ó gbọ́ àdúrà mi lọ́jọ́ kẹfà, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ní kí Ọlọ́run yí àbúrò rẹ padà. Kí ó kọjú síbo?"

Mo ní, "Kí ó kọjú sí ọ̀nà rere, Ìyá wa."

Ó ní, "Ṣé ọ̀nà rere ni, àbí ọ̀dọ̀ rẹ? Ta ló yẹ̀ pèrègún?"

N kò lè dáhùn. Òógùn bò mí. Ẹ̀gún tí ó wà nínú Diutarónómì orí 27 fún ẹni tó bá yẹ ààlà ẹnìkejì rẹ̀, èmi fúnra mi ti kà á sókè nínú ìsìn, mo sì ti ṣe àmín sí i.

Nígbà tí mo mí, mo ní, "Ìyá wa, mo máa ṣe àtúnṣe. Lálẹ́ òní, mo máa lọ dá a padà sí àyè rẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Òru lo fi yẹ̀ ẹ́. Òru náà lo tún fẹ́ lò? Pèrègún á ti kúrò, ìwọ á ṣì wà níbẹ̀."

Mo sùn, n kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọkọ́ léjìká, n kò wọ sùtáná, mo gba ilé àbúrò mi lọ. Ó jókòó níta. Mo dúró, mo ní, "Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́. Mo purọ́ mọ́ ọ níwájú ẹbí."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ẹnu yín ni mo ń retí."

Àwa méjèèjì jọ lọ sóko ní ojú ọ̀sán, a sì gbin pèrègún náà sí àyè rẹ̀. Mo wọn àgbàdo tí mo ti ká níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo kó o fún un. Mo lọ bá àwọn ẹbí, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó tì mí lójú ju bí ẹnu ti lè sọ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn pèrègún mẹ́ta náà gbẹ. Òun nìkan ni a pààrọ̀. Ó pé ọdún kan ó lé kí àbúrò mi tó jẹun nílé mi, n kò sì bínú, nítorí ọ̀nà tí mo fi ọdún púpọ̀ lọ kò lè di ọjọ́ kan nígbà tí mo ń padà bọ̀.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti lè pa ènìyàn? Mo ń gbàdúrà ìyípadà fún ẹni tí kò ṣìnà. Èmi tí mo ṣìnà, àtúnṣe díẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe, lóru. Ká ní Ìyá wa kò mọ ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, bóyá mo ti kú pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, pẹ̀lú ilẹ̀ àbúrò mi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

9. BÍ A Ó TI MÁA LÒ WỌ́N

Bí o bá wọ aṣọ tuntun tàbí o wọ ìjọ tuntun, sọ pé o pààrọ̀, kí o sì dúpẹ́. Bí o bá ń wá iṣẹ́ ní ìlú àjèjì, tọrọ ọgbọ́n láti mú ara bá ibẹ̀ mu, kí o sì mọ ibi tí ìwọ kò ní bá wọn dé. Bí ohun rere rẹ bá kù díẹ̀ káàtó, wá àtúnṣe, má jẹ́ kí ìgbéraga dí ọ lọ́wọ́. Bí o bá rí i pé ọ̀nà tí o ń lọ kò dára, má tún táyà ṣe: yípadà. Bí o bá ti ṣẹ ẹnìkan, ro inú, pa ìwà dà, kí o sì dá ohun tirẹ̀ padà ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí o bá sì ń gbàdúrà fún ẹlòmíràn pé kí Ọlọ́run yí i padà, kọ́kọ́ lọ wo ìdí pèrègún.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa pátá la ó papòdà lọ́jọ́ kan. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ wa, ipò ni yóò wà láàárín "pa" àti "dà" lọ́jọ́ náà, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí ni ìwà. Ẹ jẹ́ kí a pa ìwà dà kí a tó pa ipò dà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ BÍBÉLÌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó pààrọ̀ àti ẹni tó yípadà? Fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ ṣe àpẹẹrẹ.

2. Kí ni Dáníẹ́lì gbà ní Bábílónì, kí ni kò sì gbà?

3. Kí ló dé tí Ìyá àgbà fi ní kí a má dá pèrègún padà lóru?

4. Nínú àdúrà rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ta ni o ní kí Ọlọ́run yí padà? Kí ó kọjú síbo?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí kì í yí padà, ṣàánú fún àwa tí a ń paradà lójoojúmọ́. Kọ́ wa láti ro inú wa. Bí a bá ti yẹ ààlà ẹnikẹ́ni, nínú ilẹ̀, nínú owó tàbí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fún wa ní agbára láti lọ sọ ọ́ ní ọ̀sán. Jẹ́ kí funfun aṣọ wa àti funfun ọkàn wa jẹ́ ọ̀kan. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.